Tókíò pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: ṣé kí n lọ ni àbí kí n jókòó sílé?

ÌyáMofẹ́ (Manchester)
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ṣe é rí o, kì í ṣe àwọn tó wò ó lórí YouTube. Iṣẹ́ ń gbé ọkọ mi lọ sí Tókíò fún ọjọ́ 11 ní ìparí oṣù kẹta, ó ní ká jọ lọ, pé ilé iṣẹ́ òun ló máa san òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ní Shinjuku, àwa á wá san ti ọjọ́ tó kù. Inú mi kọ́kọ́ dùn títí, ìgbà tó di òru ni mo wá jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọmọ mẹ́ta ni o. Ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ ọdún 7, ọkùnrin ni, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin, ọdún 4, ẹ̀pà ò sì bá a lára mu rárá, abẹ́rẹ́ ẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì mi. Àbíkẹ́yìn jẹ́ oṣù 15, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, kò dẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ márùn-ún yẹn, bàbá wọn á ti jáde láàárọ̀, kò ní wọlé títí dalẹ́. Èmi nìkan, ọmọ mẹ́ta, ìlú tí n ò lè ka ẹyọ lẹ́tà kan lára àkọlé wọn. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní "kí ni jòjòló fẹ́ lọ wò ní Jàpáànù?" Pé ká fi wọ́n sílẹ̀ fún àbúrò mi. Àbúrò mi gbọ́ báyìí, ó ti yáa sọ pé òun ò ní sí nílé lọ́sẹ̀ náà.

Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ ni kí n gbé ni àbí ọ̀já? Kí ni wọ́n á máa jẹ? Mo tún gbọ́ pé wọn ò fẹ́ ariwo nínú tíréènì wọn, àwọn ọmọ tèmi dẹ̀ rèé, tí wọ́n bá ti jókòó pọ̀, ọjà Bódìjà ni.

Fẹ́mí_Houston
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Èmi àti ìyàwó mi lọ ní 2019, a ò gbé ọmọ kankan dání, ẹsẹ̀ wa sì wú. Sítéṣọ̀n Shinjuku yẹn nìkan, ọ̀nà àbájáde ẹ̀ lé ní 200, a gba ibi tí kò yẹ jáde, ogójì ìṣẹ́jú la fi rìn káàkiri ká tó rí òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé òdìkejì títì ló wà. Ẹ wá fi ọmọ tó ń ké kún un. Owó yẹn, ẹ fi kó wọn lọ kí ìyá bàbá wọn n'Íbàdàn.

ÀǹtíSaitama
Fẹ́mí, ìwọ tí o ò gbé ọmọ dání, báwo lo ṣe wá mọ bó ṣe rí fún ẹni tó gbé ọmọ dání, haha. Ìyá Mofẹ́ ẹ máa kó wọn bọ̀ o. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílẹ̀ yìí, ọmọ méjèèjì tí mo ní, ibí ni mo bí wọn sí, Saitama tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tókíò ni mò ń gbé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wọ tíréènì wọ ìgboro. Àwọn èèyàn mi láti Oǹdó máa ń bi mí pé ṣé mo japa dé Jàpáànù ni, mo ní àní ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ọ̀hún ti wá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́páọ̀tù. Tí ẹ bá lè rí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń balẹ̀ sí Haneda, òun ni kẹ́ ẹ gbà, inú ìlú níbẹ̀ ló wà, Narita jìnnà gan-an, ó lé ní kìlómítà 60. Láti Haneda, ẹ má wọ tíréènì pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ tí kò sùn lóru. Bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Limousine Bus, ó ń lọ tààrà sí Shinjuku, ó tiẹ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá míì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, ẹ má wọ́ àpótí kiri, ẹ fún àwọn tó ń gbẹ́rù tí àmì wọn jẹ́ ológbò dúdú tó gbé ọmọ ẹ̀ sẹ́nu, àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì á bá yín kọ ọ́, ọjọ́ kejì ẹ máa bá ẹrù yín níbi tí ẹ ń lọ.

Ti tíréènì. Ẹ má sún mọ́ ọn láàárín aago méje àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Mi ò ṣeré o. Lẹ́yìn 9:30 ó ti rọ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ prámárì kì í sanwó, ẹ̀gbọ́n wọn máa san ìdajì. Ti ariwo, lóòótọ́ ni wọn kì í pe fóònù nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ké, ọmọ ni, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, ẹ fún un lómi, ẹ wọ òmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òmíràn ti dé.

Kẹ̀kẹ́ àti ọ̀já, ẹ gbé méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣe é fọwọ́ kan ká, kì í ṣe èyí tó dà bíi mọ́tò yẹn. Kò pọn dandan kí ẹ ká a nínú tíréènì. Lífìtì wà ní gbogbo sítéṣọ̀n ńlá, wàhálà ibẹ̀ ni pé ó lè wà ní ìpẹ̀kun kejì, nítorí náà kí ẹ tó jáde ẹ wo nọ́ḿbà ọ̀nà tó ní lífìtì lára máàpù tó wà lára ògiri, ẹ má tẹ̀ lé èrò. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú ọ̀já: ọjọ́ kan mo pọn ọmọ mi kejì wọ ọkọ̀, ìyá àgbà kan dìde, ó ń fọwọ́ kan ọ̀já mi, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó ní báyìí ni òun ṣe pọn àwọn ọmọ òun náà. Àwọn náà ń pọnmọ o! Onbu ni wọ́n ń pè é, ìgbànú tí wọ́n fi ń so ó ń jẹ́ onbuhimo. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti pọnmọ, mo ní ọ̀rẹ́ nínú tíréènì.

Pámpásì, ẹ má kó o ti Manchester wá. Mílíìkì, omi gbígbóná, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìdí ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńláńlá bíi Isetan àti Takashimaya ní Shinjuku níbẹ̀, ó mọ́ ju ilé mi lọ. Omi ẹ̀rọ ṣe é mu. Ohun tí ẹ ò ní rí ni garawa ìdọ̀tí. Láti ìgbà tí àwọn kan ti da gáàsì olóró sínú tíréènì ní 1995 ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ máa mú náílọ́nù dání, pámpásì tó ti dọ̀tí á bá yín rìn di òtẹ́ẹ̀lì.

BàbáÌbejì_Peckham
Ẹ káre Àǹtí Saitama, ṣùgbọ́n mo ní àtúnṣe kékeré. Ọ̀fẹ́ tí ẹ sọ yẹn ní iye. Lórí ọkọ̀ JR, iléeṣẹ́ tíréènì ńlá wọn, ọmọ kékeré méjì péré ni àgbàlagbà kan tó sanwó lè mú wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta á san owó ọmọdé. Mo mọ̀ nítorí pé èmi nìkan ni mo kó ìbejì ọdún 3 àti àbúrò wọn jáde lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó dúró ní géètì fi ìka mẹ́ta hàn mí, mo rò pé ó ń kí wa ni. Ti Ìyá Mofẹ́ bọ́ sí i gẹ́lẹ́ ṣá, méjì ló kéré. Káàdì Suica ti ọmọdé, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, tí ẹ bá fẹ́ gbà á fún ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ máa fi pásípọ́ọ̀tì ẹ̀ hàn ní kántà.

Takisí náà wà o, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀ jù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ ló ń ṣí, ẹ má fọwọ́ fà á. Òfin ò fi dandan mú takisí láti ní àga ọmọdé, nítorí náà tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀.

Yàrá òtẹ́ẹ̀lì wọn kéré, ẹ̀yin márùn-ún ò lè sùn síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tò bíi sáàdíìnì. Ọjọ́ tí ẹ máa san fúnra yín, ẹ wá irú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Mimaru tó ní kíṣìnnì àti bẹ́ẹ̀dì púpọ̀ nínú yàrá kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní àdúgbò Ueno. Ueno yẹn ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọdé, ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, 1882 ni wọ́n ti ṣí i, 600 yẹ́ẹ̀nì ni àgbàlagbà ń san, ọmọ tó jẹ́ ọdún 12 sísàlẹ̀ ò sanwó. Ìbejì mi lọ kí ìbejì páńdà ní 2022, àwòrán ẹ̀ ṣì wà lára ògiri wa.

Dúpẹ́_Ọ̀ṣun
Páńdà wo? Kò sí páńdà níbẹ̀ mọ́ o. Shan Shan, ẹ̀gbọ́n ìbejì yẹn, ló kọ́kọ́ padà sí Ṣáínà ní 2023, bàbá àti ìyá ẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2024, ìbejì yẹn náà sì ti lọ ní oṣù kìíní 2026. Ẹ má ṣèlérí páńdà fún ọmọdé.

BàbáÌbejì_Peckham
Háà. N ò ní sọ fún àwọn ọmọ mi o.

ÀǹtíSaitama
Òótọ́ ni Dúpẹ́ sọ. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ ṣá tó wá láti ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà, ẹnu ẹ̀ rí bíi bàtà onígi, ó lè dúró sójú kan títí tí ẹ á fi rò pé ère ni. Ọmọ mi ọkùnrin dúró wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ sì rántí pé ọgbà ẹranko yẹn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ náà ni mùsíọ́ọ̀mù sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí ẹ̀ tí ère àbùùbùtán ńlá wà níta ẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń tì ní ọjọ́ Ajé nílùú yìí.

Nọ́ọ̀sìKẹ́mi (Birmingham)
Ẹ jẹ́ n wọlé sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, torí mo rí i pé gbogbo yín ń fò ó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ní irú ẹ̀, a sì jọ lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Oúnjẹ tí wọ́n dì nínú ọ̀rá tàbí páálí, òfin Jàpáànù fi dandan mú wọn láti kọ ọ́ sára ẹ̀ bí ẹ̀pà bá wà níbẹ̀. Ẹyin, mílíìkì, àlìkámà, edé àti alákàn náà wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. Ṣùgbọ́n yánmọtí kò sí nínú dandan yẹn, tí ọmọ bá ní ti yánmọtí náà, kẹ́ ẹ ṣọ́ra gan-an. Ohun tó ń dààmú èèyàn ni pé orúkọ méjì ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀pà. Ọ̀kan ni pīnattsu, 「ピーナッツ」, èkejì ni rakkasei, 「落花生」. Ẹ ya àwòrán méjèèjì sínú fóònù yín. Kámẹ́rà Google Translate dára, àmọ́ ìgbà míì ó máa ń túmọ̀ nǹkan sí ìsọkúsọ, ẹ fojú ara yín wá àwọn lẹ́tà yẹn.

Ilé oúnjẹ ni ìṣòro wà. Òfin ọ̀rá yẹn ò kan oúnjẹ tí wọ́n sè sínú àwo. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá máa ń ní ìwé tó to ohun tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ẹ̀. Àwọn kékeré kò ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ ọ́ ní èdè wọn sórí káàdì kan pé ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà, kódà ìwọ̀nba díẹ̀, kí ẹ sì fi hàn kí ẹ tó jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e dé. Ọbẹ̀ kọrí wọn tí ọmọdé fẹ́ràn yẹn, òmíràn ní ẹ̀pà lílọ̀ nínú. Núdùsì aláta tó wá láti Ṣáínà náà, ẹ yẹra fún un. A ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú núdùsì udon lásán lómi ọbẹ̀, ìrẹsì, ẹyin díndín àti ẹja yíyan.

Ti oògùn: abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹ gbé méjì, kí ó wà nínú páálí tó ti wá, kí lẹ́tà dókítà wà pẹ̀lú ẹ̀, kí ó sì wà lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe nínú ẹrù tó lọ sísàlẹ̀. Ẹ má gbé oògùn kátáà tó ní pseudoephedrine púpọ̀ lọ, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé e, bíi Sudafed yẹn. Paracetamol olómi tọmọdé ò ní wàhálà. Nọ́ḿbà áḿbúláǹsì ni 119, wọn kì í gba owó áḿbúláǹsì, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn á gba owó o, ẹ ra inṣọ́ránsì kí ẹ tó kúrò nílé. 110 ni ti ọlọ́pàá. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

MámaTiwa_Lekki
Ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì. Àwa kó ọmọ méjì lọ láti Èkó. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba fíìsà kó tó wọ̀bẹ̀, Ìyá Mofẹ́ tí ẹnì kan nínú yín bá ṣì ń lo tiwa, ìwé ìgbélùú UK ò tó o, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ti Bírítéènì ń wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba fíìsà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti oúnjẹ. Àwọn ọmọ mi ò fẹnu kan nǹkan kan lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní kò láta kò níyọ̀. Ẹ di ata gígún, ẹ di Maggi, ẹ di kílíṣí, ẹ di indomie tí wọ́n mọ̀. Èmi di kílíṣí rẹpẹtẹ.

ÀǹtíSaitama
Rárá o! Ẹ má di kílíṣí. Ẹran èyíkéyìí, gbígbẹ ni o, díndín ni o, sọ́séèjì ni o, wọn ò gbà á wọlé. Ajá tó ń gbóòórùn ẹrù wà ní ẹ́páọ̀tù. Ẹ ríre tí wọn ò rí i lọ́wọ́ yín, ẹlòmíì lè má ríre bẹ́ẹ̀. Èso tútù náà ò gbọdọ̀ wọlé bẹ́ẹ̀.

MámaTiwa_Lekki
Wọ́n rí i o. Mo kàn ń sọ pé mo dì í ni. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe jù ú sínú bíìnì, àwọn tí ẹ ní kò sí bíìnì nílùú wọn.

Fẹ́mí_Houston
Hahaha mo kú!

MámaTiwa_Lekki
Ohun tó wá gbà wá lẹ́yìn ọ̀hún ni ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven. Wákàtí 24 ló ń ṣí. Ìrẹsì kan wà tí wọ́n fọwọ́ pọ̀ ní onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ewé òkun dúdú wé bí ẹni wé ẹ̀kọ, ẹja tàbí ẹyin wà nínú ẹ̀. Èyí tó ní ẹja sámọ́nù ni Tiwa jẹ láti ọjọ́ kẹta títí a fi padà. Ẹ̀rọ ATM inú 7-Eleven náà ló gba káàdì mi, ibi méjì tí mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú kọ̀ ọ́.

Òmíràn: irun. Wọ́n máa ń wo àwọn ọmọ wa. Ẹnì kan fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ irun Tiwa láìbéèrè, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ. Kí ẹ sì di irun wọn sílẹ̀ láti ilé, ẹ ò ní rí ẹni máa bá yín dì í nítòsí òtẹ́ẹ̀lì.

ÀǹtíSaitama
Ti irun yẹn, lọ́dún mẹ́sàn-án ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi, àwọn àgbà ni. Wíwò ni wọ́n ń wò jù.

BàbáÌbejì_Peckham
Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ rí, Àǹtí. Àwọn ọmọ tiyín ń gbé ibẹ̀, àdúgbò ti mọ̀ wọ́n. Ìbejì tèmi, tí wọ́n wọṣọ kan náà, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń tọrọ àwòrán. Àwọn púpọ̀ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń sú ọmọ. Mo kọ́ wọn láti fọwọ́ ṣe báyìí, kí wọ́n gbé apá méjèèjì kọ́ra níwájú àyà, "rárá" nìyẹn nílẹ̀ wọn, gbogbo èèyàn ló yé, kò sì sẹ́ni tó bínú.

ÀǹtíSaitama
Ẹ ti là mí lóye níbẹ̀. Kí Ìyá Mofẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní apá kíkọ́ yẹn.

Sọlá_Calgary
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ Disney? Èèyàn máa gbé ọmọ dé Tókíò kò ní dé Disney? Ọdún 3 sísàlẹ̀ ò sanwó. Èyí tí wọ́n ń pè ní Tokyo Disneyland yẹn, àti DisneySea tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí irú ẹ̀.

ÀǹtíSaitama
Ní ìparí oṣù kẹta, àwọn ọmọ Jàpáànù gan-an wà ní họ́lídè, gbogbo wọn ló wà lórí ìlà níbẹ̀. Ọmọ oṣù 15 lórí ìlà wákàtí kan àbọ̀. Tí bàbá wọn bá ti ráyè, ẹ lè lọ ní ààrin ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ márùn-ún tí ẹ ò lẹ́nìkejì yẹn, rárá.

Sọlá_Calgary
Ìlà ò pa wá. Àwa lọ ní Golden Week, ọ̀sẹ̀ họ́lídè ńlá wọn.

Nọ́ọ̀sìKẹ́mi (Birmingham)
Ọmọ yín jẹ́ ọdún mélòó nígbà yẹn?

Sọlá_Calgary
11 àti 13.

Nọ́ọ̀sìKẹ́mi (Birmingham)
Ẹn-hẹ́n.

ÌyáMofẹ́ (Manchester)
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa bá yín tọ́mọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín han ọkọ mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín kílíṣí látàárọ̀. Ìdààmú mi kù sórí ọjọ́ márùn-ún Shinjuku yẹn. Kí ni mo lè fi àwọn ọmọ yìí ṣe tí n ò ní rìn jìnnà? Tí ẹ bá ní kí n máa lọ Ueno lójoojúmọ́, n ò lè pààrọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn.

ÀǹtíSaitama
Ẹ má lọ Ueno lọ́sẹ̀ yẹn rárá, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá kó lọ síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo lójúmọ́, kí ẹ sì ti padà kí aago méjì tó lù kí ọmọ sùn. Ẹni tó bá ń to ibi mẹ́ta sójúmọ́ kan pẹ̀lú ọmọ oṣù 15, ẹ bi í bóyá ìyá ẹ̀ ló ń bá a gbé ọmọ.

Shinjuku Gyoen, ọgbà ńlá ni, 500 yẹ́ẹ̀nì, ọmọ ọdún 15 sísàlẹ̀ ò sanwó. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mu ọtí nínú ẹ̀, nítorí náà lásìkò òdòdó sakura, kò rí bíi Ueno tí àwọn èèyàn ń yó sábẹ́ igi. Kí Àbíkẹ́yìn máa sáré níbẹ̀, koríko ni. Ọjọ́ Ajé ló máa ń tì, àmọ́ láti 25 oṣù kẹta títí di 24 oṣù kẹrin, ojoojúmọ́ ló ń ṣí nítorí òdòdó.

Èkejì, tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún àlejò: mùsíọ́ọ̀mù àwọn panápaná ní Yotsuya-sanchome. Ọ̀fẹ́. Látinú sítéṣọ̀n lẹ ti máa wọ ibẹ̀, ibùdókọ̀ kan péré ni sí Shinjuku-gyoemmae, sítéṣọ̀n tó wà nítòsí ọgbà yẹn, lórí ìlà tíréènì Marunouchi. Ọkọ̀ panápaná àtijọ́ wà nílẹ̀, hẹlikóbítà wà lókè níta tí ọmọ lè wọ̀ jókòó. Òun náà ń tì ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, inú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn, àjà tí wọ́n kó nǹkan ọmọdé sí. Ìyẹn ti di ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ méjì yòókù, ẹ sùn. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí: ní aago méjì òru Tókíò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni fún ara àwọn ọmọ yín, wọ́n máa jí, wọ́n máa béèrè oúnjẹ alẹ́. Wọ́n máa wá fẹ́ sùn láàárọ̀. Ẹ má bá wọn jà lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́.

Dúpẹ́_Ọ̀ṣun
Ẹ tún sọ fún wọn nípa tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì pọ̀ lára ẹ̀ bíi ti ọkọ̀ òfurufú, omi á tú sókè láti ìsàlẹ̀, òmíràn máa ń ṣí ideri fúnra ẹ̀ bí èèyàn bá wọlé. Ọmọ mi sá jáde láìwọ ṣòkòtò. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò sì ní ohun ìnuwọ́, ẹ mú áńkáṣíìfù dání.

ÌyáMofẹ́ (Manchester)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A lọ, a dé, gbogbo wa pé. Nítorí pé ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ó yẹ kí n jíṣẹ́.

Aago méjì òru ni wọ́n jí lóòótọ́, bí Àǹtí ṣe wí. Bàbá wọn kó àwọn méjì tó dàgbà sọ̀kalẹ̀ lọ 7-Eleven pẹ̀lú aṣọ ìsùn, wọ́n jókòó ní ìta òtẹ́ẹ̀lì wọ́n ń jẹ ìrẹsì onígun mẹ́ta, ọmọkùnrin mi ní èyí ni ohun tó dùn jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà. Owó tí a ná!

Hẹlikóbítà panápaná, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la lọ. Gyoen, ẹ̀ẹ̀mejì. N ò dé ibòmíràn lọ́jọ́ márùn-ún yẹn, kò sì dùn mí. Ọ̀já ṣiṣẹ́ ju kẹ̀kẹ́ lọ nínú sítéṣọ̀n torí n ò ní sùúrù láti máa wá lífìtì, ṣùgbọ́n nínú ọgbà kẹ̀kẹ́ ló ṣe é. Disney, a ò lọ, Sọlá ẹ má bínú. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin mi kọ̀ láti jókòó lé e àfi kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá àgbà kan nínú tíréènì fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó yọ ṣokoléètì jáde nínú báàgì ẹ̀ fún wọn. Mo gbà á, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kámẹ́rà ò tiẹ̀ tíì ṣí tí mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn, 落花生. Mo fi káàdì han màmá náà. Ojú tì wọ́n débi pé wọ́n ń tẹrí ba fún ọmọ ọdún 4, òun náà ń kúnlẹ̀ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn títí a fi bọ́ọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ tí a máa padà, bàtà ẹsẹ̀ òsì Àbíkẹ́yìn jábọ́ nínú ọgbà Ueno, ilé la ti mọ̀. Mo ní ó ti lọ nìyẹn. Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ tí a ń gba ibẹ̀ kọjá lọ wo ẹyẹ ẹlẹ́nu bàtà yẹn, ẹnì kan ti gbé bàtà ọmọ mi sórí irin tó yí ọgbà ká, ó sì fi náílọ́nù bò ó kí ó má tutù.

Fẹ́mí_Houston
Ẹ ò sọ ti sítéṣọ̀n Shinjuku o.

ÌyáMofẹ́ (Manchester)
A sọnù. Ìṣẹ́jú 25.

Fẹ́mí_Houston
Ẹ ṣe dáadáa jù mí lọ.